Ẹṣin Mẹ́rìndínlógún

Èmi ni mo ṣi ìṣirò náà. Kì í ṣe Ọ̀gá Bùsúyì.
Ọ̀gá wà lórí àkàbà, ó ń lu ihò sí ògiri,
èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú páálí amúlétutù,
mò ń ka bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn:
ẹgbàá mẹ́fà bítíyù.
Tíṣà Fálúyì tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sórí àga onírọ́bà.
"Ẹṣin mélòó ni èyí, ọmọ mi?"
Nítorí ẹṣin la fi ń ta amúlétutù ní Ìkẹ́rẹ́,
ìlú tí pátákò ẹṣin yóò yọ̀ lórí àpáta.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ni Olósùnta wà.
Òkúta náà á gbé oòrùn mì lọ́sàn-án,
á máa pọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lóru,
sínú yàrá tí Ìbídùnní aya rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí
láti ìparí ọdún tó kọjá.

Mo rántí pé ẹṣin kan jẹ́ wáàtì
ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Mo yọ fóònù, mo fi pín ẹgbàá mẹ́fà.
"Ẹṣin mẹ́rìndínlógún, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi jábọ́.
"Ẹṣin mẹ́rìndínlógún nínú ulé mi?
Ta ni yóò máa gbá ìgbẹ́ wọn?"

Ó wá ṣẹ́ọ́kì, kò rí. Ó mú èédú,
ó fa páálí náà mọ́ra.
"Ìwọ fi kóńgò wọn gàrí,
o wá fi ọ̀pá aṣọ pín in.
Kọ́kọ́ sọ bítíyù di kílówáàtì:
ẹgbẹ̀tàdínlógún ó lé méjìlá ló wà nínú ọ̀kan."
Mo pín in. Mẹ́ta ààbọ̀, ó lé bíńtín.
"Tọ́ọ̀nù kan nìyẹn!" Ọ̀gá ké láti òkè, eruku ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀,
"yìnyín tọ́ọ̀nù kan tó yọ́ tán láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀.
Báyẹn làwọn tó ṣáájú wa ṣe ń wọ̀n ọ́n."

Mo tún sọ ọ́ di ẹṣin. Márùn-ún, ó dín díẹ̀.
Bàbá bá ya sẹ́lótéèpù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ páálí,
wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ẹṣin kan ààbọ̀.

Èwo ni irọ́?

"Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kan ààbọ̀ lohun tó ń jẹ lára wáyà.
Mẹ́ta ààbọ̀ kílówáàtì lẹrù tó ń gbé.
Ẹni tó ń ti ọmọlanke, ṣé ó wúwo tó iṣu inú rẹ̀?
Kẹ́tùlù tó jẹ ẹgbàá wáàtì, ooru ẹgbàá wáàtì ni yóò fún ọ,
kò ní fi jáà sí i.
Ṣùgbọ́n èyí kì í dá nǹkan kan. Aláàárù ni.
A ò kó òtútù wọlé, ọmọ mi,
ooru là ń yọ."
Ó fi èédú fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.
"Òǹkà àwọn baba wa mọ èyí.
Kí wọ́n tó dé ogún, wọ́n á ti máa dín in:
márùndínlógún, mẹ́rìndínlógún,
bí ẹni pé yíyọ náà jẹ́ ọ̀nà ilé."

Iná dé ní agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀.
Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé ọwọ́ síwájú fáànù:
atẹ́gùn gbígbóná, adìẹ sá,
ewé ẹ̀gẹ́ ń mì jìgìjìgì.
Òógùn Màmá ló ń fẹ́ mi lọ́wọ́ yẹn,
àti oòrùn àná tí àpáta gbé mì.
Mi ò lè sọ iye bítíyù tó jẹ́.

Ohùn tín-ín-rín kan jáde lójú fèrèsé:
"Ẹ bá mi wá aṣọ ìbora."
Bàbá ju èédú nù.
Ó sáré wọlé láìwọ bàtà.